Mítà Kì Í Ṣe Ojúsàájú



Ní ilé iṣẹ́ kan ní Kàdúná tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bọ́ọ̀dù alárinà, kí kọ̀ǹpútà lè máa tan ẹ̀rọ tí ń fa omi. Bọ́ọ̀dù náà kò ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní ó ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́, àti pé a ó yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. A bẹ̀bẹ̀ fún wákàtí kan, a sì mú mítà.

A kọ́kọ́ pa iná pátápátá, nítorí a kì í wọn òǹmù nígbà tí iná bá wà lára wáyà. Pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù fólítì 12 kò kan ara wọn. A tú ẹsẹ̀ kan dáyódù ẹ̀gbẹ́ rìléè, kí wáyà inú rìléè má baà tàn wá jẹ. Ó fi nǹkan bí 0.6 hàn ní apá kan, kò fi nǹkan kan hàn ní apá kejì: ó dára. A jó o padà.

Nígbà náà ni a tan iná, láìso ẹ̀rọ omi mọ́ ọn. A yí mítà sí fólítì DC. Ẹ ṣọ́ra: wáyà pupa kò gbọdọ̀ wà nínú ihò áńpù. Ibi tí àṣẹ ti ń jáde lára kọ̀ǹpútà fi fólítì 5 hàn. Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́ rárá! Ṣùgbọ́n láàárín base àti emitter transistor, níbi tí ó yẹ kí a rí nǹkan bí 0.7, òdo ni a rí. A pa iná, a wọn nẹ́gétíìfù kọ̀ǹpútà mọ́ ti bọ́ọ̀dù: mítà kò dún. Wáyà kankan kò so wọ́n pọ̀. Iná rí ọ̀nà lọ, kò rí ọ̀nà bọ̀.

Wáyà kan ṣoṣo ni a fi kún un, rìléè sì dún.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí mítà bá sọ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni a gbé síwájú ọ̀gá. A kò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó ọmọ náà.