Lego ojúlówó, ayédèrú, àti èyí tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bíríkì ìṣeré ọmọdé tí Alhaja wa ní Kàdúná gbé wá síbí lọ́jọ́ Ajé, torí ọjà ìṣeré ọmọdé ni mo ń tà láti ìgbà tí mo ti dé Sàbó. Màá gbìyànjú kí ohùn yìí má gùn jù.

Kí àwọn tí ò sí níbẹ̀ lè mọ̀: oníṣòwò kan l'Ékòó ní òun ní ọgọ́ta páálí nílẹ̀, Lego ni wọ́n kọ sí wọn lára, owó pọ́ọ́kú ló sì pè é. Ó ní ká dá owó jọ ká gbé gbogbo ẹ̀ kí Kérésì tó dé. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ká rà á, ká tà á ní iye ojúlówó fún àwọn òyìnbó àtàwọn ọ̀gá ní Nasarawa GRA. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ dá sí.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí Lego jẹ́ ná. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ni. Kì í ṣe orúkọ gbogbo bíríkì oníke, àfi bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́búlúbú ní Omo. Billund ni ilé iṣẹ́ náà wà, ní orílẹ̀-èdè Denmark. Káfíńtà ló dá a sílẹ̀ ní 1932, Ole Kirk Kristiansen lorúkọ ẹ̀, igi ló sì fi ń ṣe ìṣeré nígbà yẹn. Ní 1958 ni wọ́n gbàwé àṣẹ lórí bíríkì bó ṣe rí lónìí: kókó lórí, ọ̀pá oníhò nínú, tí ọ̀kan fi ń di èkejì mú. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1958, tẹ́ ẹ bá rí i lónìí, ó ṣì máa wọ èyí tí wọ́n ṣe lánàá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Lego pàápàá, ara bíríkì ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Hilary Fisher Page, ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kiddicraft lorúkọ ti ọkùnrin yẹn. Wọ́n wò ó, wọ́n gbé tiwọn jáde ní 1949, wọ́n wá ń tún un ṣe títí ó fi dára ju ti ẹni tí wọ́n wò lọ. Ìwé àṣẹ tiwọn náà sì ti kú tipẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Canada, wọ́n pàdánù ní 2005. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ àjọ Yúróòpù, wọ́n tún pàdánù ní 2010. Ohun táwọn adájọ́ rí ni pé iṣẹ́ tí bíríkì yẹn ń ṣe ló jẹ́ kó rí bó ṣe rí, ẹnì kan ò lè wá sọ ìrísí náà di àmì tòun nìkan títí ayé. Ìdí nìyẹn tí Mega Bloks ti Canada, Cobi ti Poland àti Sluban ti Ṣáínà fi ń ta tiwọn ní gbangba. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ sí páálí. Àwọn yẹn kì í ṣe ayédèrú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín.

Ayédèrú ni irú Lepin. Ìlú Shantou ní Ṣáínà ni wọ́n wà. Wọn ò wo bíríkì nìkan, wọ́n jí àwòrán, wọ́n jí ìwé tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń tò ó, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn lọ́nà tí ojú tó ń sáré á fi kà á sí Lego. Ọlọ́pàá Shanghai ya wọlé tọ̀ wọ́n ní 2019. Nígbà tó di 2020, ọ̀gá wọn gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìtanràn mílíọ̀nù 90 yuan. Ní Ṣáínà fúnra ẹ̀ o! Àwa tá a máa ń sọ pé wọn kì í mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọjà. Mo ní kí oníṣòwò yẹn fi ẹyọ páálí kan ránṣẹ́ nínú mọ́tò, mo sì yá ojúlówó kan lọ́wọ́ oníbàárà mi kan, mo da méjèèjì sílẹ̀ lórí ẹní. Àkọ́kọ́, ẹ wo orí kókó. Ojúlówó, orí kókó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ orúkọ náà sí, lẹ́tà wínníwínní, ẹ gbé e sínú iná tọ́ọ̀ṣì ẹ máa rí i. Èyí tó wá láti Èkó, páálí ń pariwo Lego, orí kókó ń dán bí orí agbárí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Páálí ń sọ tiẹ̀, ọjà inú ẹ̀ ń sọ tiẹ̀.

Ẹ wá tò wọ́n. Ibí ni ẹ ti máa mọ̀ jù. Mo to mẹ́wàá ojúlówó léra, mo di tòkè mú, mo gbé e sókè, gbogbo ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, tú u láì pe ẹnikẹ́ni. Ti Èkó, àwọn kan jábọ́ kí n tó gbé wọn kúrò nílẹ̀, àwọn míì le débi pé eyín lọmọ yẹn fẹ́ fi fà á. Nínú páálí kan ṣoṣo o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé, ẹ mọ ohun tó ń fà á. Tí mọ́ọ̀dù bílọ́ọ̀kù bá ti jẹ, bílọ́ọ̀kù tó bá jáde níbẹ̀ ò ní dọ́gba mọ́, bíríkìlà á kàn máa fi sìmẹ́ńtì bò ó. Ìyàtọ̀ ni pé bíríkì ọmọdé ò ní sìmẹ́ńtì. Mìlímítà mẹ́jọ ló wà láti àárín kókó kan sí àárín ìkejì, tó bá fi bí ìdá irun orí yẹ̀, kò ní dì mú mọ́. Irin mọ́ọ̀dù tó péye bẹ́ẹ̀, owó gọbọi ni, òun lẹ ń san lára ojúlówó. Ìyẹn àti irú ike tí wọ́n ń pè ní ABS, tí Lego ti ń lò láti 1963.

Àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Pupa mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá nínú páálí Èkó yẹn. Òórùn ẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí mo ṣí i, ìyàwó mi ní kí n gbé e lọ síta. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: kì í ṣe gbogbo olówó pọ́ọ́kú ló burú. Mo ti ta àwọn kan tó ní orúkọ tara wọn, tó dì mú dáadáa, tí ẹnikẹ́ni ò dá padà.

Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má ta kékeré yìí fún un rárá, ojúlówó o, ayédèrú o, á fún un lọ́fun. Lego fúnra wọn ṣe Duplo fún àwọn wọ̀nyẹn, ìlọ́po méjì ni gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹ̀. Páálí Èkó ò kọ ìkìlọ̀ ọjọ́ orí kankan.

Ní ti kí á tà á ní iye ojúlówó, èmi ò sí níbẹ̀. Òfin wà nílẹ̀ níbí, Merchandise Marks Act, tó sọ títa ọjà tó ní àmì èké di ẹ̀ṣẹ̀. Ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Àwọn ará Nasarawa tẹ́ ẹ fẹ́ tà á fún, àwọn ló mọ ojúlówó jù, ọmọ wọn ti ń fi ṣeré láti ilé. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ẹyọ kan padà, wọn ò ní sọ pé lágbájá ni. Wọ́n á ní àwọn Yarbawa ni. Ẹni tó ń ta aṣọ jẹ́jẹ́ tiẹ̀ lódì kejì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi léèrè.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Mo bi oníṣòwò kan náà bóyá ó ní èyí tó ní orúkọ tara ẹ̀. Ó ní òun ní ọgbọ̀n páálí. Owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ orí wà lára ẹ̀, mo sì ti to mẹ́wàá léra, kò jábọ́. Fọ́tò ẹ̀ wà lókè níbí. Iye tiẹ̀ la máa tà á, a ò ní pè é ní Lego. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó fi orúkọ àti iye páálí ránṣẹ́ sí akápò kí Ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Lọ́jọ́ Àìkú màá gbé méjèèjì wá sí ìpàdé, kí kálukú fi ọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò. Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san owó kankan fún ọkùnrin yẹn.