Iná Ìgbẹ́ àti Àwọn Tí A Kì Í Pè sí Ìpàdé

   A júbà àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti lọ sí àjùlé ọ̀run. A júbà Kábíyèsí Ewì ti Adó àti gbogbo ọba Èkìtì tí a ń gbé lábẹ́ ìbòòji wọn.

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó kan ìlú. Àwọn àgbà tí wọ́n jù wá lọ ti kì Ifá láàárọ̀, ó sì dùn létí. Àwa kò ní tún un kì mọ́. Ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́ ni a mú wá.

Nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, iṣẹ́ akọ́pẹ̀lẹ̀ ni láti já ewé. Ìdájí ni à ń jáde, a kì í sì í jìnnà. Lónìí, akọ́fá tí a bá rán níṣẹ́ ewé lè gun ọ̀kadà dé ọ̀nà Ìlawẹ̀ kí ó tó rí ohun tí à ń já lẹ́yìn ilé nígbà náà. Ilé tí à ń kọ́ kún ara ìdí rẹ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ojú tiwa, ohun tí iná mú lọ kò kéré sí ohun tí ilé gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iná yìí ti ń rìn. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó sì ń fa omi inú ewé gbẹ. Ẹ̀kan á gbẹ, èèsún á gbẹ. Ewé Akíntọ́lá, tí kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa, tí ó ti ọ̀nà Amẹ́ríkà wá tí ó sì gba gbogbo ilẹ̀ àlàpà, á di ìṣáná lórí ìdúró. Igi tíìkì á wọ́ ewé fẹ̀ǹfẹ̀-fẹ̀ǹfẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ òkè, iná a sì máa yára gun òkè ju bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, nítorí pé ooru rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀, ó ń yan ohun tí ó wà lókè kí ọwọ́ iná tó kàn án. Kí ẹni tí ń kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ òkè Olóta tàbí òkè mìíràn mọ èyí. Ọ̀pẹ lè jóná kí ó sì tún rúwé. Kòkó kì í rí bẹ́ẹ̀. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ewé gbígbẹ sì pọ̀ nídìí rẹ̀. Iná ọ̀sán kan lè pa oko tí bàbá fi ogún ọdún tọ́jú.

A ti tó ẹni tí ń dáko ní ọdún 1983. Àwọn ẹgbẹ́ wa kò ní gbàgbé ọ̀dá ọdún náà àti iná tí ó tẹ̀ lé e. Ní ilẹ̀ Gánà, kòkó jó lọ rẹpẹtẹ. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba wọn ṣe òfin lórí iná ìgbẹ́, wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 1990. Àwọn panápaná wọn sì ń kọ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ní abúlé-abúlé, kí ó má jẹ́ pé ọkọ̀ ìlú ńlá ni gbogbo ayé ń retí. Èyí wù wá. Ọkọ̀ panápaná kò lè gba ojú ọ̀nà oko tí kẹ̀kẹ́ pàápàá ń bá jà.

Ìtàn tí a fẹ́ sọ wàyí kò buyì kún wa, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́.

Ní ọdún kan tí kò tí ì pẹ́, iná wọ igbó tí a ti ń tẹ ọmọ ní Ifá. Ọ̀sán gangan ni. Àwa àgbà mélòó kan àti àwọn akọ́fá sáré jáde pẹ̀lú àdá àti ewé tútù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò gbà fún wa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni a rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń ti òdìkejì bọ̀: àwọn Ìgbìrà tí ń dáko iṣu níbẹ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin Fúlàní kan. Àwọn ni wọ́n la ilẹ̀ níwájú iná títí ó fi kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé darandaran náà ló tiná bọ igbó kí koríko tútù lè hù fún màlúù rẹ̀. Àwa náà kò bá wọn wí. A dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta ni akọ́fá wa kan wá dọ̀bálẹ̀, tí ó jẹ́wọ́. Òkété ni ó ń fín jáde nínú ihò. Ó rò pé iná ti kú kí ó tó kúrò níbẹ̀. Òkété tí ó fẹ́ mú wá bọ Ifá ni.

A lọ bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ohun tí àgbà kan nínú àwọn Ìgbìrà sọ fún wa lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí a sùn. Ó ní láti òwúrọ̀ ni àwọn ti ń rí èéfín náà. Àwọn kò ní nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni nínú ìlú, àti pé nígbà kan rí tí ẹnì kan nínú àwọn sáré wá kéde iná, òun ni wọ́n mú pé ó ràn án. Nítorí náà wọ́n kọ́ láti máa wò. Bí wọ́n bá ti pè wá láàárọ̀, ṣé igbó náà ìbá jó?

A bẹ lójà abúlé náà kí ó pe ìpàdé. Àwọn onílẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwa awo ni a kọ́kọ́ pè, ọkùnrin ni gbogbo wa, a sì fi ọjọ́ náà ṣàlàyé ohun tí a ti mọ̀ fún ara wa. Ìpàdé kejì ni ó lójú. Àwọn obìnrin tí ń fọ epo ní ẹkù àti àwọn tí ń yan gàrí wá. Àwọn tí ń dáná lójoojúmọ́, tí wọ́n mọ wákàtí tí atẹ́gùn ń yí padà ju ọdẹ lọ. Àwọn Ìgbìrà wá, àwọn Tífì àti Àgàtú tí ń ṣiṣẹ́ oko wá, olùkọ́ ilé-ìwé wá, lèmọ́mù wá. Pásítọ̀ ní òun yóò wá bí a kò bá ní ta ọtí sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa kùn, wọ́n ní ilẹ̀ bàbá ta ni? A gbà bẹ́ẹ̀, kálukú sì gbàdúrà sínú ara rẹ̀. Kò sí òrìṣà tí ó bínú sí wa.

Obìnrin aláta kan ni ó bi wá léèrè ohun tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni: bí iná bá ń bọ̀ lóru, ta ni yóò jí ọkùnrin adití tí ń dá gbé létí oko? Agogo tí a fẹ́ máa lù kò wúlò fún un. A yan aládùúgbò rẹ̀ méjì láti máa lọ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí ni a ka àwọn arúgbó tí kò lè rìn, a sì kọ orúkọ ẹni tí yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àdéhùn wa kò le. Kí ẹnikẹ́ni má tiná bọ oko lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá rọ̀ ni, lẹ́yìn tí ó bá ti sọ fún aládùúgbò. Kí a la ààlà iná ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yí oko ká, kí a gbá ewé ibẹ̀ mọ́ títí kan ilẹ̀. Kí a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ààlà náà, nítorí omi inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná rí i jẹ bọ̀rọ̀. Kí a jó koríko etí ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó ṣì tutù lápá kan. Àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ní Ọsirélíà ń ṣe irú èyí láti ìgbà láéláé, ìjọba wọn sì ti ń padà lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. A kọ nọ́ńbà pàjáwìrì 112 sára ògiri ẹkù, pẹ̀lú nọ́ńbà lójà àti ti àgbà àwọn Ìgbìrà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó gún. Àwọn Fúlàní kò wá sí ìpàdé kẹta, nítorí pé ẹnì kan sọ̀rọ̀ àbùkù sí wọn ní ìpàdé kejì. Òfin ìpínlẹ̀ wa ti ọdún 2016 lórí dída ẹran jẹko wà níbẹ̀, àwa kò sì pe ẹnikẹ́ni kí ó rú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ rí èéfín ni ẹni tí ń gbé inú igbó. A ṣì ń ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà ogun Kírìjì, ìlú tí kò rẹ́ ara wọn rí ni wọ́n jọ di Èkìtì Parapọ̀, ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n sì fi jọ wà lójú ogun, láti 1877 títí di 1893. Wọn kò dúró kí ìjà àárín wọn tán kí wọ́n tó jọ gbé ọfà.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ yìí, bí ojú odù ti jẹ́ 16, ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa yóò sì lè ṣe èyí níbi tí ó bá wà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kéré. Láti òní lọ, kí akọ́fá kankan má fi iná lé òkété mọ́. Ẹ dẹ pàkúté, tàbí kí ẹ rà á lọ́jà. Lẹ́yìn Udírokò, ní ìpàdé ìtàdógún àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, a ó la ààlà iná yí igbó awo ká. Ẹ mú àdá àti ìgbálẹ̀ wá. Kí olúkúlùkù mú aládùúgbò kan tí kì í ṣe awo dání, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀ kí ó tó mú un wá.

Àbọrú, àbọyè.