Ojú ní Òfurufú, Ọwọ́ ní Ilẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará Dọ́pẹ̀mú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè jọ ohun àjèjì létí yín. Ó jẹ́ nípa ojú kan tí àwọn ènìyàn gbé sí òfurufú láti máa wo ilẹ̀ ayé, àti nípa àwọn tí a fi ṣe alákòóso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè wí pé, “Kí ni ó kàn wá níbẹ̀, àwa tí ariwo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ kò jẹ́ kí a ráyè gbójú sókè?” Ẹ ní sùúrù fún mi, kí n tó jókòó, ẹ ó rí i pé ó kàn wá.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, oko ni ó pọ̀ ní agbègbè Agége yìí. Níhìn-ín ni Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gbin kòkó àti obì. Ẹni tí ó bá gun orí ọ̀pẹ nígbà náà lè fojú wo oko rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Lónìí, òrùlé ti kan òrùlé láti Dọ́pẹ̀mú dé Ìkẹjà. Kò sí ọ̀pẹ tí ó ga tó èyí tí a lè gùn kí a rí ibi tí omi ń gbà kọjá láàárín ilé. Nítorí náà ni a ṣe nílò ojú tí ó ga ju ọ̀pẹ lọ.

Sátẹ́láìtì ni a ń pe ojú náà. Òṣùpá àtọwọ́dá ni: ẹ̀rọ tí a fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé sókè, tí ó ń yí ayé po láìsinmi, tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí wa. Ní 1999 ni ìjọba Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, èyí tí a ń pè ní NASRDA, tí olú rẹ̀ wà ní Àbújá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Àjàyí Boroffice, ọmọ Ọ̀kà Àkókó, ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè ni ó kọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí èyí má ṣe yà yín lẹ́nu. Agbaṣẹ́ṣe tí ń kọ́ ilé ńlá kọ́ ni ó ń po sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mọ ohun tí ilé náà wà fún, láti wá owó, láti yan oníṣẹ́, àti láti dáhùn nígbà tí onílé bá bèèrè ìṣirò.

Onílé sì bèèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé, “Ebi ń pa wá, iná kò sí, ẹ sì ń ná owó sí ojú ọ̀run!” Ìbéèrè rere ni, kò sì yẹ kí alákòóso kankan bínú sí i. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, tó nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là. Ní Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́ ọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, 2003, a gbé e sókè láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Kò wúwo ju nǹkan bí 100 kílógírámù lọ. Ohun tí ó kéré jù tí ó lè fi hàn yàtọ̀ fẹ̀ tó mítà 32. Nítorí náà kò lè rí ilé kan ṣoṣo ní Dọ́pẹ̀mú, ṣùgbọ́n ó lè rí igbó tí a ti ṣá, odò tí ó ti kún, àti ìlú tí ó ń gbòòrò. Àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan sì ṣe àdéhùn pé, bí ìjàǹbá bá dé bá ẹnikẹ́ni, wọn yóò jọ pín àwòrán. Nígbà tí ìjì Katrina kọlu Amẹ́ríkà ní 2005, ojú Nàìjíríà wà nínú àwọn tí ó ya àwòrán ibẹ̀. Ọdún márùn-ún ni a retí pé kí ó fi ṣiṣẹ́. Ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkùnà pẹ̀lú wà, èmi kò ní fi í pamọ́. NigComSat-1, tí a gbé sókè láti Ṣáínà ní 2007 fún iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, pàdánù agbára iná rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, 2008, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n a ti ṣe ìbánigbófò lé e lórí, a sì gbé òmíràn dípò rẹ̀ ní oṣù kejìlá, 2011. Ẹ kíyè sí èyí: olóye alákòóso a máa múra de àdánù kí àdánù tó dé.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ń dùn mí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, 2011, a gbé NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú NigeriaSat-2 mú débi pé ó lè fi ohun tí kò ju mítà 2.5 lọ hàn. NigeriaSat-X sì ni èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní Guildford. Inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ní ọjọ́ 26 oṣù náà, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn. Odò kọjá ààlà, afárá wó, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí omi gbé lọ.

Sátẹ́láìtì ha ni ó jẹ̀bi bí? Rárá o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò rẹ̀ ni. Bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, ìkúùkù a máa bo irú ojú bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, kò sì lè di odò mú. Ìbàdàn kò sì ṣàìmọ̀ ohun tí odò lè ṣe, nítorí omíyalé Ògùnpa ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ní 1980. A mọ̀, síbẹ̀ a kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, a sì da ìdọ̀tí sínú odò.

Àwọn baba wa wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n alákàn tí ó rí ewu, tí kò wọ ihò rẹ̀, kí ni ojú ṣe fún un? Èyí ni ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Gbígbé ojú sí òkè kì í ṣe òpin iṣẹ́ alákòóso. Àwòrán tí ó wà nínú àpótí ní Àbújá kò tíì gba ẹnikẹ́ni là. Ìgbà tí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, ọwọ́ àgbẹ̀, àti ọwọ́ olórí àdúgbò, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ni iṣẹ́ náà tó parí. Ìríjú ni alákòóso. Ohun tí ó rí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwa náà ní ipa tiwa. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá fẹ́ràn ìṣirò, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe ra ilẹ̀ tí odò ti ní kí a tó bí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ la ojú gọ́tà tí ó wà ní iwájú ilé yín. Fún èyí, ẹ kò nílò sátẹ́láìtì láti fi í hàn yín.

Ojú ti wà ní òkè. Ọwọ́ ni ó kù.