Òkò Ojú Ọ̀run

[Ariwo ọjà: fèrè ọ̀kadà, ìyá kan ń polówó ẹ̀lùbọ́. Ariwo rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn atọ́kùn.]

Ẹ gbọ́ bí ọjà ṣe ń hó. Ọjà Igbó lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lórí páànù ṣọ́ọ̀bù kan, àwo funfun pẹlẹbẹ kan kọjú sókè. Starlink ni. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ló ti wọ Nàìjíríà, ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá sì ti fojú rẹ̀ rí màbo kò ní í béèrè ìdí táwọn èèyàn fi ń rà á.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí mo dúró tì rí i pé àwo yẹn ni mò ń wò. Mo ṣàlàyé fún wọn pé satẹ́láìtì ló ń bá a sọ̀rọ̀, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló ń yí ayé po lókè wa, pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń gbé wọn lọ. Màmá wọn ẹ̀lùbọ́ kún kóńgò, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń bi èèyàn kí wọ́n tó gbé e? Tó bá wá já lulẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ mélòó kan, n kò rí ìwé tó là á bẹ́ẹ̀.

[Orin ètò, ìṣẹ́jú-àáyá 10.]

Ká mú ìbéèrè àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Starlink ti ń gbéra, wọ́n ń bi èèyàn. Iléeṣẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ ta rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FAA, àjọ tó ń mójútó ọkọ̀ òfurufú. Òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, wọ́n fi ti mímú nǹkan padà wálẹ̀ kún un ní 1998. Kí FAA tó fọwọ́ sí i, ó ní láti yẹ ohun tí yóò ṣe sí àyíká wò: ariwo, èéfín, omi, ẹyẹ, ìjàpá òkun tó ń yé sínú iyanrìn, ọ̀nà etíkun tí wọ́n máa dí mọ́ apẹja. Wọ́n sábà máa ń gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta, kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn. Oríṣi mẹ́ta ni àyẹ̀wò náà, èyí tó fẹ́lẹ́, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó nípọn bíi Bíbélì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fáwọn lọ́yà.

Boca Chica ni kẹ́ ẹ wò, létí òkun ní Texas, níbi tí SpaceX ti ń dán Starship wò, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù láyé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, FAA ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ka ohun tó lé ní 75 sílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe nítorí àyíká. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n ta á.

[Ìró rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbéra. Ó ròkè lala, ó dákẹ́ lójijì.]

Iná rẹ̀ gbẹ́ kòtò sínú kọnkéré tó dúró lé. Àpólà kọnkéré ń fò kiri, igbó tó tó éékà 3.5 jóná, eruku sì lọ bà lé ilé àti mọ́tò àwọn ará Port Isabel tó wà ní nǹkan bíi máìlì 6 síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì táwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká fi gbé FAA lọ sí kóòtù. Ìwé tí wọ́n kọ kò dá eruku dúró, ìyẹn hàn. Ṣùgbọ́n ará Port Isabel mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn.

Ó wá ku èyí tó bá já lulẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù rèé, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Skylab ni orúkọ ilé tí Amẹ́ríkà gbé sí òfurufú lọ́dún 1973. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1979, ó já. Àwókù rẹ̀ fọ́n sí agbègbè Esperance, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Ìwé ìròyìn kan ní San Francisco sì ti ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀yà rẹ̀ dé ọ́fíìsì wọn. Ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní Esperance ṣa èyí tó já sílé wọn, ó di ọkọ̀ òfurufú, ó dé San Francisco, ó gbowó! Ìjọba ìbílẹ̀ Esperance náà kò sùn. Wọ́n kọ ìwé ìtanràn sí Amẹ́ríkà, 400 dọ́là. Ẹ̀sùn wo? Dída ìdọ̀tí sígboro! Bí wọléwọlé ṣe máa ń kọ ìwé fún ẹni tó da pàǹtí sí gọ́tà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ fún Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà kò san. Ọgbọ̀n ọdún gorí ẹ̀. Ta ló wá san án ní 2009? Atọ́kùn rédíò ni o! Scott Barley, ní California, ló ní káwọn olùgbọ́ òun dáwó jọ, wọ́n dá a, ó sì fi ránṣẹ́. Ọ̀gá mi tó ń gbọ́ mi nínú yàrá kejì, ẹ ṣáà gbọ́ bí iṣẹ́ wa ṣe níyì tó.

[Ariwo gáréèjì. Ọmọ ọkọ̀ ń pe èrò.]

Yorùbá ní ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2020, Ṣáínà ta rọ́kẹ́ẹ̀tì Long March 5B. Àárín rẹ̀, ìgò irin tó gùn ju mítà 30 lọ, tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20, ni wọ́n fi sílẹ̀ kó máa yí ayé po, láìsí ohun tí wọ́n á fi darí rẹ̀ wálẹ̀. Ní ọjọ́ 11, ó já. Ní abúlé Mahounou, ní Côte d'Ivoire, àwọn èèyàn bá páìpù irin gbọọrọ nílẹ̀, nǹkan bíi mítà 12. Kò bá ẹnikẹ́ni.

Côte d'Ivoire kì í ṣe òkèèrè fún wa níhìn-ín. Láti Èjìgbò tó múlé tì wá, bọ́ọ̀sì ń gbéra lọ sí Àbíjàn, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ á sì dé fún Iléyá, tí Faransé á máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Àárín irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni òkò yẹn bọ́ sí. Àwọn tó jù ú kò kúkú ní ará ilé lọ́jà. Kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan lọ sí Mahounou pé kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Àwọn tó wà nídìí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti ń gbéra ni àyẹ̀wò ń bi. Ẹni tó wà níbi tó máa já sí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà, ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2024. Òrùka irin tó fẹ̀ tó mítà 2.5, tó wúwo tó kílò 500, já sí abúlé Mukuku. Àjọ òfurufú Kẹ́ńyà ní ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ni.

Òfin àgbáyé ọdún 1972 ní kí orílẹ̀-èdè tó ta á san ohun tó bá bàjẹ́. Nígbà tí satẹ́láìtì Soviet, Kosmos 954, já sí Kánádà ní 1978 pẹ̀lú èròjà olóró nínú, Kánádà béèrè mílíọ̀nù 6 dọ́là tiwọn, mílíọ̀nù 3 ni wọ́n rí gbà. Ẹ̀yìn ìjàǹbá lowó yẹn dé.

Àwa náà ń ju òkò o. Satẹ́láìtì wa NigeriaSat-1 gbéra láti Rọ́ṣíà ní 2003, NigComSat-1 láti Ṣáínà ní 2007. Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ náà fi tiwọn ránṣẹ́ láti Florida ní 2017, ó kéré bíi páálí ìpara, ó sì ti jóná nínú òfurufú ní 2019. Lójú òfin, ẹni tó bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun ta á, òun náà ti ta á nìyẹn.

Ní ti àyẹ̀wò àyíká nílé ńbí, ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko ní 1988 ló ta ìjọba jí. Òfin àyẹ̀wò àyíká dé ní 1992. Ìwé àyẹ̀wò ń wà níta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń fi kọ ọ́. NASRDA, àjọ òfurufú wa, ní ibùdó ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì sí Ẹ̀pẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ta èyí tó tóbi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, apẹja orí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹnìkan jókòó tì, kó ka ìwé yẹn fún un ní Yorùbá, kó sì…

Wọ́n ti ń nawọ́ sí mi. Mo ṣì fẹ́ sọ ti ìwádìí 2023 tó bá irin ara satẹ́láìtì tó jóná nínú òfurufú tó ga fíofío, ṣùgbọ́n ìròyìn aago kan ti dé ẹnu ọ̀nà. Màmá ẹlẹ́lùbọ́, kóńgò méjì tẹ́ ẹ bá mi dì sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.

[Ariwo ọjà ròkè, ó gé.]