Eérú Kì í Ṣe fún Gbogbo Ìkòkò

 

Ọ̀rọ̀ agbada àti ìkòkò tó jóná ni a mú wá lónìí. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán. Bí gàrí àná bá jóná mọ́ agbada, tí ẹ kò sì ha á kúrò, yóò ṣí dà sínú gàrí tòní. Oníbàárà yóò rí dúdúdúdú nínú rẹ̀, yóò gbọ́ òórùn ìjóná, yóò sì já owó yín wálẹ̀.

Ohun tí a ó fi fọ̀ ọ́ kò jìnnà: eérú, ọsàn wẹ́wẹ́, ewé ìpín àti kànrìnkàn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ irú ohun tí ẹ ń fọ̀. Ẹ wá òòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Bí kò bá lẹ̀, tí ìkòkò náà sì fúyẹ́, alumíníọ̀mù ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ìkòkò irin lọ́jà, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà ni.

Agbada irin ni eérú wà fún. Ẹ da omi sí i, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha á, kí ẹ sì da omi náà nù. Ẹ jọ eérú igi tàbí ti èèpo kòkó, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó ki, ẹ fi pa ibi tó jó àti ibi tí ọ̀rá dì sí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Eérú yìí náà ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Bó bá kan ọ̀rá, ó ń sọ ọ́ di ọṣẹ ni. Ẹ wá fi ewé ìpín tàbí kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Eérú kòkó a máa jẹ ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ gbé e kaná kó gbẹ, kí ẹ sì fi epo pupa díẹ̀ pa á, kó má baà dógùn-ún.

Ti alumíníọ̀mù ńkọ́? Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àṣìṣe rí. Mo rẹ ìkòkò ìyá àwọn ọmọ mi sínú omi eérú di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a ó fi gbé e, ó ti dúdú, inú rẹ̀ sì ti jẹ wínníwínní. Eérú ń jẹ alumíníọ̀mù ni. Owó ìkòkò tuntun ni mo fi kọ́gbọ́n.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ti alumíníọ̀mù. Ẹ bu omi bo ibi tó jó, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ 3 sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá tutù, ẹ fi igi ha á, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kó sùn nínú omi kíkan náà. Ẹ má sì ṣe da ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ Jik láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá ní agbada àjùmọ̀lò, ẹ yan ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Agbada tí gbogbo ènìyàn bá ni, ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ ọ́.