Kí Ìdọ̀bálẹ̀ Má Di Ìṣòro

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa)



Níbi ìsọmọlórúkọ kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Ìdọ̀bálẹ̀ náà gún régé, ṣùgbọ́n dídìde di iṣẹ́: ènìyàn méjì ló fà á sókè. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ẹ̀rín náà kò pa wá mọ́, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kò sàn jù ú lọ. Iṣẹ́ ìjókòó, ọkọ̀ wíwà àti iṣẹ́ òru ń jẹ wá lára. Iṣan tí a kò bá lò, jíjoro ló ń joro.

Ní ọdún 2019, àwọn olórí oníṣègùn ìjọba Ìlú Ọba gbà wá níyànjú pé, yàtọ̀ sí ìrìn rírìn, kí àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń mú iṣan le, ó kéré tán, ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀. Èyí kò pọn dandan kó gba owó púpọ̀. Ara wa ni ẹrù àkọ́kọ́. Rọ́bà gígùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò eré ìdárayá ni ẹrù kejì. Bí a bá ṣe ń nà án sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Jókòó sórí àga, kí o dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Bí ìgbà 10 bá ti rọrùn, tẹ àárín rọ́bà mọ́lẹ̀, di etí rẹ̀ méjèèjì mú ní èjìká, kí o tún dìde.

Èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní press-up kò jìnnà sí ìdọ̀bálẹ̀. Fi ọwọ́ ti ògiri ṣe é ná, lẹ́yìn náà tábìlì tí kò mì, kó tó kan ilẹ̀. Bí ti ilẹ̀ bá ti rọrùn, gbé rọ́bà gba ẹ̀yìn, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí o ṣe ń ti ara rẹ sókè ni yóò máa wúwo sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rọ̀ mọ́ irin láti fa ara yín sókè, rọ́bà ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ so ó mọ́ irin, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́: yóò gbé yín jù lọ ní ìsàlẹ̀, níbi tí ó ti nà jù. Bí agbára bá ti ń dé, ẹ lo èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ yẹ rọ́bà wò kí ẹ tó lò ó. Èyí tó bá ti sán, ẹ jù ú nù, kó má baà já lu ojú. Ẹ má ṣe sé èémí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí oríkèé dídùn, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ọmọ tí a bí sílẹ̀ yìí ń wò wá kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí wa nígbà tí a bá ń dìde fúnra wa pẹ̀lú. Ìlera loògùn ọrọ̀.