Nígbà tí Nǹkan Bá Yí Padà Nílé: Ẹ̀bẹ̀ Ìsádi ní Ilé-Ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì



Nígbà tí Jósẹ́fù gbé ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ sá lọ sí Íjíbítì, Hẹ́rọ́dù ni wọ́n sá fún. Hẹ́rọ́dù kú, a sì sọ fún Jósẹ́fù pé kí ó padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé Ákíláù ti jọba ní Jùdíà ní ipò bàbá rẹ̀, ẹ̀rù bà á láti lọ síbẹ̀, ó sì yà sí apá Gálílì. Àwa tí a ń kọ́ni ní Ìwé Mímọ́ a máa ń sáré kọjá níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn tí a mú wá lónìí ni èyí: ọba lè kú kí ewu má kú.

Àdéhùn Jẹ̀nẹ́fà ti 1951 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ yóò wà nínú ewu nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà, tàbí èrò rẹ̀ nípa ìṣèlú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni a ó fi wọn ewu náà? Ṣé ọjọ́ tí ó sá ni, tàbí ọjọ́ tí ìjọba kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, tàbí ọjọ́ tí ó dúró níwájú adájọ́? Nínú ẹjọ́ àwọn Tàmílì ará Sri Lanka, tí a tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ẹjọ́ ti 1996, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dáhùn pé ọjọ́ tí a ń gbọ́ ẹjọ́ ni kí adájọ́ wò.

Ìdájọ́ náà tọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni. Àwọn ará Kósófò kan sá fún agbára àwọn Sẹ́bíà. Ní June 1999 àwọn ọmọ ogun NATO wọlé, ewu àtijọ́ sì kásẹ̀. Ní 2005 Ilé-Ẹjọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù sọ pé ìyà àná nìkan kò tó láti sọ wọ́n di ẹni ìsádi lónìí. Òfin lè rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó máa ń dùn wá pé ẹni tí ìwé rẹ̀ pẹ́ lórí tábìlì akọ̀wé ni ó ń san gbèsè ìjáfara náà.

Ẹjọ́ tí ó kàn wá jù ni ti ọmọ Nàìjíríà kan ní 1996, ní àkókò ìjọba ológun Abacha. A ti kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ǹjẹ́ ó tún lè bẹ̀bẹ̀? Sir Thomas Bingham àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a kò tíì lé e kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tuntun náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́ ní tòótọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó ti mú wá tẹ́lẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìrètí gidi pé a lè gbà á. Ìyàtọ̀ àti ìrètí gidi yìí ni ó wà nínú òfin ìwọ̀lú wọn títí di òní, ní ìpínrọ̀ 353.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Mínísítà ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́ tuntun. Ilé-ẹjọ́ tí ń yẹ ìpinnu rẹ̀ wò kì í gba iṣẹ́ náà ṣe fún un. Bí ó ti ronú ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ọ̀ràn ẹ̀mí béèrè, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ ti là á sílẹ̀ ní 2006. Ohun tí ó wà níwájú Mínísítà ni wọ́n sábà máa ń kà. Bí ìjọba bá dojúdé nílé lẹ́yìn tí ó ti fọwọ́ sí ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó tún mú ìròyìn náà lọ.

Abacha kú ní 8 June 1998. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀rù ṣì ń ba òun láti padà ní láti fi Ákíláù tirẹ̀ hàn.

Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù a máa bẹ̀ wá pé kí a bá wọn kọ ìwé ẹ̀rí. Àwa kì í kọ èké, nítorí pé èké kan tí a bá rí mú a máa mú kí wọ́n ṣiyèméjì sí òtítọ́ mẹ́wàá. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ kọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí, ọjọ́ tí ó rí i, àti ìdí tí ìròyìn náà kò fi lè dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun ka tirẹ̀ kí ó tó fi í ránṣẹ́, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ìsìn.